Rọ́bà Tí Mo Dè Mọ́ Ẹnu Katakata

Kì í ṣe òtútù ló ń bí mi nínú ní Calgary. Òtútù kò mọ̀ mí rí, kò sì bọ̀wọ̀ fún mi; bó ṣe ń ṣe ọmọdé ló ń ṣe àgbà. Ọ̀wọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń bù fún mi níbí ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ilé ọmọbìnrin mi ni mò ń gbé ní Saddle Ridge, níbi tí ìlú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lápá òkè lọ́hùn-ún, ó máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wálé wá sinmi. Tí kò bá sí nílé, ọmọ mi nìkan ló ń kó snow kúrò ní driveway, ojú kọnkéré tí mọ́tò ń gbà wọ garage, nítorí pé wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún mi. Ní òwúrọ̀ tí snow bá ti bọ́, inú yàrá mi ní basement ni mo ti máa ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì rẹ̀ lórí kọnkéré: gàrà, gàrà, á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń dákẹ́ yẹn ni mi ò fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dì mú.

Ẹ̀yìn ọ̀hún ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé àwọn àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó yí wọn padà, kó gbé wọn sórí àga. Ní òwúrọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ọdún yìí, ó wọlé láti ibi tó ti ń kó snow, ó di ògiri mú, kò lè nàró. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà rẹ̀. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé láti ọ̀la lọ, èmi ni n óò máa kó o.

"Daddy, rárá. Kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn? Pé mo mú bàbá mi wá láti Nàìjíríà kí wọ́n wá máa kó snow fún mi?"

"Àwọn èèyàn wo?"

"Daddy, ẹ ṣáà máa sinmi. Please."

Kí n máa sinmi! Kí ni mo ṣe tó rẹ̀ mí? Láti ìgbà tí PR, ìwé ìgbélùú mi, ti jáde tí mo ti dé, ìjókòó ni iṣẹ́ mi. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á gbé abọ́ lọ. Bí mo bá dìde pé kí n fọ abọ́ tí mo fi jẹun, ariwo á sọ. Fọ́tò ara ògiri ni wọ́n fẹ́ sọ mí dà, tí wọ́n á máa nù lójú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo wọ kóòtù, mo gbé ṣọ́bìrì, mo jáde. Mi ò tíì kó ibi tó fẹ̀ tó ẹní kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà fi sáré bọ́ síta. Ọmọ Ìbàdàn ni. Kọ̀ǹpútà niṣẹ́ rẹ̀, inú ilé ló ti ń ṣe é, fèrèsé tó sì ń jókòó tì kọjú sí wa gan-an. Sílípáàsì ló wọ̀ wọnú snow.

"Ha! Ha! Daddy! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ gbé e wá, sà! Ẹ gbé e wá!"

"Ọmọ mi, mo lè ṣe é."

"Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é, sà. Àmọ́ kí èmi jókòó kí n máa wò yín látojú wíńdò? Abomination ni, sà!"

Ó gba ṣọ́bìrì. Ó kó bíi ìgbà mélòó kan, fóònù rẹ̀ dún, meeting ti bẹ̀rẹ̀. "Daddy, mò ń bọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án o." Ó sì gbé ṣọ́bìrì wa sá wọlé tirẹ̀, kí n má baà fọwọ́ kàn án! Kò padà wá. Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló lọ kanlẹ̀kùn níbẹ̀, òun ló gba ṣọ́bìrì, òun náà ló parí iṣẹ́, tòun ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tí òun àti ọmọ mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ dá mọ́tò dúró sójú ọ̀nà, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ ara garage, ó mú mi lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń sin ìyàwó, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Snow wà níbi tó wà. Èmi náà ti jẹ́ ọmọdé rí. Mo ti gba igi lórí àgbà, mo ti gba omi, mo ti gba àpò iṣu. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á, mo máa ń gbé e délé.

Ohun tí kò yé wọn ni pé irú iṣẹ́ yìí gan-an ni mo fi ayé mi ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń fọ aṣọ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí a ń jẹ adìyẹ ní gbogbo ọjọ́ Sunday, tí ẹni tó ń kọ́ wa máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kó tó ki ọwọ́ bọ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ti ń dúró dè mí kí n tó ṣe tán. Wọ́n gbé mi lọ sí àgbàlá ńlá kan lápá Òkè-Ògùn, níbi tí ìjọba kó katakata sí láti máa bá àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe tò wọ́n, tí ọ̀dà ara wọn ń dán. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí gbogbo wọn bá jọ ń kùn, tí èéfín dísù bá pàdé òórùn ilẹ̀ tútù, mo máa ń rò pé orílẹ̀-èdè wa ti délé ayọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò dé mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti èyí tún tọ̀hún ṣe. Irin ibùsùn ọsibítù la fi rọ ọwọ́ ohun ìtúlẹ̀ kan. Títí di òní, tí mo bá rí irin kan nílẹ̀, ohun tó tún lè jẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń rò.

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé mi lọ síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oko kan wà lẹ́yìn ìlú Okotoks tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti máa ń ra àgbà adìyẹ, nítorí pé adìyẹ inú ṣọ́ọ̀bù rọ̀ jù, kì í bá eyín jà rárá. Bí wọ́n ṣe ń bá a kó adìyẹ, èmi ń rìn kiri, mo sì rí katakata pupa kékeré kan lábẹ́ àtíbàbà pákó. Kò ga ju àyà mi lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì irin, tó rí bí ṣọ́bìrì fífẹ̀, wà níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, òyìnbó olóko, àgbàlagbà bíi tèmi, ti dúró tì mí. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fi ibi tí òróró ti ń jò hàn án, ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ gbé láàárín ìlú, kò sì sí ọmọ òun kankan tó fẹ́ ẹ. Ó bi mí pé kí ni n óò fi ṣe. Mo ní snow.

Ó mi orí. Ó ní ilẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn fún, pé yóò jẹ kọnkéré bí ẹní jẹ búrẹ́dì. Mo ní mo mọ̀, n óò tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó wò mí títí. Ní ọjọ́ Saturday tó tẹ̀ lé e, ó fi tìrélà kékeré wọ́ ọ wá sí Saddle Ridge, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju adìyẹ tí a ti dín lọ.

"Daddy! Kí lèyí?"

"Katakata ni."

"Mo mọ̀ pé tractor ni! Kí ló ń ṣe ní driveway mi?"

"Ó ń dúró kí o ṣí garage."

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin yọjú lójú fèrèsé òkè. "Mom, it's literally so cute!" Ìyá rẹ̀ ní kó ti fèrèsé, kó má jẹ́ kí hítà máa jáde. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù níwájú mi. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà. "Baby, jẹ́ kí Daddy ní toy wọn."

Toy! Èmi tí mo ti bójú tó àgbàlá katakata nígbà tí wọn ò tíì bí i. Mo wọ garage lọ.

Mo ṣiṣẹ́ lára ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní ọ̀sán, nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé tí yóò gba sípánà lọ́wọ́ mi. Ẹnu yẹn mú, ó sì le. Bí wọ́n bá tì í lórí kọnkéré, ibi tí abala kọnkéré kan ti pàdé èkejì ni yóò há sí. Mo kọ́kọ́ la páìpù oníke kan ní gígùn, mo sì fi bọ ẹnu irin náà bí èèpo. Lójú ara mi, ó dára púpọ̀. Nílé wa, irú páìpù bẹ́ẹ̀ á lo ọdún mẹ́wàá nínú oòrùn. Níbí, nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ nínú òtútù, ó fọ́ yángá bí awo. Mo ṣa èérún rẹ̀ kí ọmọ mi tó dé.

Mo tẹ àgbẹ̀ Okotoks láago. Ó rántí pé òun ní rọ́bà kan tó nípọn, irú èyí tó máa ń gbé ọkà gùn òkè nínú ẹ̀rọ, ó sì gbé e wá. Mo gé e kó gùn bí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi irin pẹlẹbẹ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo lu ihò, mo fi bóòtù dè é. Mo jẹ́ kí rọ́bà náà yọ síwájú irin díẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun ni yóò máa kan ilẹ̀, yóò sì máa nu snow kúrò bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́ ọbẹ̀. Mo fi pákó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí snow má máa dà sẹ́yìn. Àṣírí ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ń wà á kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Kó jẹ́ kó sùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, rọ́bà á ká sẹ́yìn, irin á sì yọ eyín.

Snow tó tó snow bọ́ ní ọjọ́ Saturday kan. Ọmọ mi sùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Mo ṣí garage, mo gun katakata, mo tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà mì tìtì, ó sì gbà. Mo sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, mo wà á jáde díẹ̀díẹ̀. Snow ń yí bọ̀ níwájú mi bí aṣọ tí wọ́n ń ká, kọnkéré tó wà lẹ́yìn mi sì mọ́, ó dúdú, ó tutù. Ariwo irin kankan kò sí. Mo gbàgbé ọjọ́ orí mi. Mo gbàgbé pé Canada ni mo wà.

"Daddy! Daddy o! Ẹ sọ̀kalẹ̀!"

Ará òdìkejì ọ̀nà ni. Ó na apá méjèèjì níwájú mi bí ẹni ń dá ewúrẹ́ padà. Mo fọwọ́ sọ fún un pé kó kúrò. Ohun tó ṣe báyìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú snow, níwájú katakata tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń kùn.

"Daddy, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín báyìí, sà."

Kí ni kí n ṣe? Kí n gun ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀? Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Fetí sílẹ̀. Má tẹ ọ̀pá yìí. Jẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì sùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Yes, sà."

"O gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Yes, sà, Daddy. Ẹ wọlé, òtútù yìí pọ̀ fún yín."

"Kí ni mo sọ?"

"Yes, sà!"

Àìsàn tó ń ṣe wá nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa mọ bí a ti í dá àgbà lóhùn, kò sì mọ bí a ti í gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ. "Yes, sà" yẹn ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì mọ́ wa lójú. Ó gorí ẹ̀rọ, ó gbá ọ̀pá mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ó mọ́ dáadáa fún Daddy. Táyà iwájú gbéra nílẹ̀. Rọ́bà ká sẹ́yìn. Mo pariwo, kò gbọ́. Irin wọ ibi tí driveway ti pàdé sidewalk, ó sì hú kọnkéré tó fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan jáde, kàwóò!

Ọmọ mi jí, ó sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn lábẹ́ kóòtù. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tún ti dọ̀bálẹ̀.

"Aunty, ẹ má bínú. Daddy, ẹ má bínú, sà. Machine yẹn ló ti gbó jù."

Ẹ gbọ́! Machine ló gbó! Mo ní, "Mo sọ fún un kó má tẹ ọ̀pá—"

"Daddy, ó ń gbìyànjú láti ràn yín lọ́wọ́ ni," ọmọ mi sọ. "Dìde, àbúrò mi. Wo bí aṣọ ẹ ṣe rí."

Ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí. Ta ni yóò máa bá ẹni tó wà nílẹ̀ jà? Ẹni tó bá ṣì ń bínú lẹ́yìn ìyẹn ló wá di ẹlẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wò mí. Katakata náà kò lè dọ̀bálẹ̀, òun ló gba ẹ̀bi. Kí ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọmọ mi ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ tà á.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń pè ní Chinook fẹ́, gbogbo snow yọ́, ìlú rí bí ẹni pé ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé. Àwọn tó fẹ́ ra katakata ń pè. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo tú rọ́bà náà, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ló ya. Mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì síta, mo sì tún un dè. Ẹnì kan ní àdúgbò Castleridge ní òun máa wá wò ó lọ́jọ́ Monday.

Ní ọjọ́ Sunday, òtútù padà dé, snow sì bọ́ ju ti ìgbà kankan lọ. Ọ̀sán ni ọmọ mi fẹ́ wọṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì wà lókè lọ́hùn-ún. Mo bá a nínú garage. Ó ti gbé ṣọ́bìrì, ó ti kó díẹ̀, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo wá ní:

"Àwọn àgbàlagbà tó wà lọ́dọ̀ yín níbi iṣẹ́, tí ọ̀kan bá fẹ́ de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣé ẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

"Rárá o. A kì í gbà á." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́. "Wọ́n kọ́ wa pé ká fi í sílẹ̀ kó ṣe é, bó tiẹ̀ pẹ́. Ohun tí wọ́n bá ń bá a ṣe, kò ní pẹ́ tí kò ní lè ṣe é mọ́."

"Òyìnbó ni wọ́n, àbí?"

"Daddy, kí ló kan òyìnbó níbẹ̀?"

"Mò ń bi ọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé òyìnbó ni mí, tí mo wà lọ́dọ̀ yín, o ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n torí pé bàbá rẹ ni mí, ẹ fẹ́ kí n kú sórí àga."

"Daddy, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ ń já, ẹ̀rọ wà níbí, èmi tí mo mọ̀ ọ́n wà wà níbí, torí àwọn èèyàn tó ń wo wíńdò, o fẹ́ di arọ. Kí ni ọ̀wọ̀ nínú ìyẹn?"

Ó wo katakata, ó wo rọ́bà ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò bí ìgbà tó ń wo ara aláìsàn. "Ìdí tí ẹ fi sọ pé kó má tẹ̀ ẹ́ nìyí?"

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ò wá ṣàlàyé fún mi."

"Ta ló jẹ́ kí n ṣàlàyé?"

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì garage, ilẹ̀kùn gbéra sókè. "Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn," ó sọ. "Ẹ má sì gun orí grass mi."

Mo wà á jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì nígbà tí ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Sílípáàsì yẹn náà ni. "Ha! Daddy! Ẹ ṣe sùúrù, mò ń—"

"Àbúrò mi, fi wọ́n sílẹ̀!" Ohùn ọmọ mi ni, ohùn tó fi ń darí wọ́ọ̀dù. "Wọ́n ń ṣiṣẹ́."

"Aunty, kì í ṣe pé… Daddy ni, now. Kò dáa kí a máa—"

"Mo ní fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ lo hú kọnkéré mi, kì í ṣe àwọn."

Mo gbọ́ ọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí mo ṣe tán, ó gbé mọ́tò rẹ̀ jáde lórí kọnkéré tó mọ́, ó ju ọwọ́ sí mi, ó sì lọ síbi iṣẹ́ láìtẹ ẹ̀yìn fún ṣọ́bìrì kan mọ́. Láti ojú wíńdò mọ́tò ló ti sọ fún mi pé òun yóò pe ẹni Castleridge pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé òun ò tà á mọ́.

Inú mi kò tíì rọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, snow tó jìn dé orúnkún ló wà níwájú garage tirẹ̀. Mo yí katakata, mo sọdá ọ̀nà, mo sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní driveway rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sáré síwájú, ó sáré sẹ́yìn, ó na ọwọ́, ó kó ọwọ́ padà, ó wo ilé wa bóyá ẹnì kan lè gbà á sílẹ̀. Níkẹyìn ó fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò, ó dúró gbagidi. Kò mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Mi ò wò ó, mi ò sì yára. Kí òun náà dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kó mọ bó ṣe ń rí.